Oṣù Wo Ni Ó Dára Jù Láti So Yìgì?

 Kò sí ìbéèrè tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí tó èyí, pàápàá bí ọdún bá ń sún mọ́ etílé: “Àáfà, ẹ bá wa wo ọjọ́ tí ó dára tí a lè fi so yìgì ọmọ wa.” Bí mo bá bi wọ́n pé irú ọjọ́ wo ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ tí ó dára, àwọn kan a ní èyí tí òjò kò ní í rọ̀. Àwọn kan a ní èyí tí ìràwọ̀ ọkọ kò ní í kọ ìràwọ̀ ìyàwó. Àwọn mìíràn a kàn máa wò mí lójú, bí ẹni pé mo tọ́jú ọjọ́ rere sínú àpò agbádá mi ni. Ọ̀rọ̀ náà ju èyí tí a lè fi ìdúró sọ lọ, ni mo fi ní kí n jókòó kọ ọ́ fún gbogbo wa.

Àwa tí à ń gbé ní àgbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsì títí dé Ìlọfà, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa, oníṣòwò ni àwọn obìnrin wa, àwọn ọmọ wa sì fọ́n káàkiri Ìlọrin, Èkó, Àbújá àti òkè òkun. Nítorí náà, bí a bá ní kí a dá ọjọ́ ìgbéyàwó, a ní láti bá oko sọ̀rọ̀, kí a bá ọjà sọ̀rọ̀, kí a bá ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ẹ̀sìn kúrò nílẹ̀.

Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan kì í fẹ́ gbéyàwó nínú oṣù Ṣáwálì, ìyẹn oṣù tí ó tẹ̀lé oṣù ààwẹ̀. Wọ́n so orúkọ oṣù náà mọ́ abo ràkúnmí tí ó gbé ìrù sókè tí kò fẹ́ kí akọ sún mọ́ òun, wọ́n sì ní obìnrin tí a bá gbé níyàwó nínú oṣù náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ rẹ̀. Ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ni ó fọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé hádíìsì ti Muslim, pé inú Ṣáwálì ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ òun, inú Ṣáwálì kan náà ni òun sì wọ ilé rẹ̀, ó sì bi àwọn ènìyàn léèrè pé ta ni nínú àwọn ìyàwó Ànábì ni ó rí ojúrere ju òun lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti fẹ́ràn kí a máa mú àwọn ọmọbìnrin ilé òun lọ sí ilé ọkọ nínú oṣù yẹn. Oṣù Sáfárì náà ń kọ́? Ohun burúkú ni àwọn Lárúbáwá kà á sí. Ànábì sọ gbangba pé kò sí àmì burúkú kankan nínú rẹ̀, Bùhárí àti Muslim ni wọ́n sì gbà á wá.

Kì í ṣe ti àwọn Lárúbáwá nìkan. Ní ilẹ̀ Tọ́kì, títí di òní, àwọn kan ń sọ pé kò dára kí a so yìgì láàárín ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ àti ọdún Iléyá. Ní erékùṣù Jáfà, ní Indonéṣíà níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ bí yanrìn, oṣù Muhárámù tí wọ́n ń pè ní Suro ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dá ìgbéyàwó sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń sá fún oṣù karùn-ún, àwọn ará Róòmù sì ti ń sá fún un ṣáájú wọn. Ẹni tí ó bá kó gbogbo oṣù tí aráyé ń bẹ̀rù jọ sójú kan, ọmọ rẹ̀ yóò darúgbó sí ilé.

Àwa Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. A sọ ọjọ́ lórúkọ tán, a tún wá ń bẹ̀rù orúkọ tí a sọ ọ́. Àwọn àgbà kan kì í dáwọ́ lé ohun tuntun ní Ọjọ́rú, kí ó má baà rú wọn lójú. Wọ́n ní ti Ẹtì a máa tì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ tí ó lọ́lá jù nínú ọ̀sẹ̀. Àbámẹ́ta pàápàá, àwọn kan ń fura sí i. Ẹ wá wo òní: Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni ìgbéyàwó pọ̀ jù, nítorí iṣẹ́ ìjọba ti sé, ará Èkó sì lè ráyè wá sílé. N kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan dá ìwé ìkésíni padà nítorí orúkọ ọjọ́.

Kí ni ẹ̀sìn kọ̀ gan-an? Mẹ́ta ni kí ẹ mú sọ́kàn. Èkíní ni ti ẹni tí ó ti wọ ìhúráámù fún Háájì tàbí Úmúrà. Ní ọ̀nà Málíkì tí a ń tọ̀, kò gbọdọ̀ fẹ́yàwó, kò sì gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn so yìgì títí yóò fi bọ́ ọ sílẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá ìyàwó bá ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí, ẹ wo ọjọ́ tí yóò padà dé, tàbí kí ó yan aṣojú kí ó tó lọ, kí yìgì sì ti so kí ó tó wọ aṣọ funfun méjì yẹn.

Èkejì ni àwọn ènìyàn kì í bèèrè, òun ni ó sì le jù: idda. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò kà. Èyí tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò kà á. Aboyún, ó di ìgbà tí ó bá bímọ. Àlùkùráánì ni ó sọ ọ́, kò sí lèmọ́mù tí ó lè dín in kù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ta aṣọ ẹbí, tí wọ́n ti san owó onílù, tí ọjọ́ idda obìnrin náà sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kò so ó. Ẹkún pọ̀ ní ilé náà lọ́jọ́ yẹn, ẹbí ọkọ sì bínú, ṣùgbọ́n yìgì tí a bá so nínú idda kì í ṣe yìgì.

Ẹ̀kẹta ni oṣù ààwẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má so yìgì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ tuntun àti ìyàwó tuntun ni, ọ̀sán ààwẹ̀ sì gùn. Ẹni tí ó bá bá aya rẹ̀ lò pọ̀ ní ọ̀sán ààwẹ̀, ìtánràn rẹ̀ kò kéré: ààwẹ̀ oṣù méjì tí kò gbọdọ̀ já, tàbí kí ó bọ́ ọgọ́ta aláìní. Ẹ̀yin ìyá ni ẹ mọ bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé èyí fún àwọn ọmọ yín. Ní tèmi, n óò ní kí wọ́n mú sùúrù títí a ó fi rí oṣù Ṣáwálì.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, gbogbo ọjọ́ ti Ọlọ́hun ni. Àáfà tí ń tẹ yanrìn, tí ń ṣírò orúkọ ọkọ àti orúkọ ìyá ọkọ, tí ó wá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù ni ó dára bí ẹ bá mú àkùkọ funfun wá, ẹran àkùkọ náà ni ó ń wá. Ohun tí Ànábì kọ́ àwọn sàhábà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Jábírì ti ròyìn, ni ìsítìhárà: kí a kírun ràkáà méjì tí kì í ṣe ti ọ̀ranyàn, kí a sì bẹ Ọlọ́hun pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dára fún ẹ̀sìn àti ayé wa, kí ó rọ̀ ọ́ fún wa, bí kò bá dára, kí ó yí i kúrò lọ́dọ̀ wa. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí ó ní àwọn lè dá òjò dúró. Ẹ gba owó àtíbàbà tí ó nípọn lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ má fi owó ra ẹ̀ṣẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ sí ilé ìdáná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbà gan-an wà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹ lè se ìrẹsì kún ilé, bí kò bá sí iyán, àlejò yóò lọ sọ nílé pé òun kò jẹun. Iyán sì ní ìgbà tirẹ̀. Iṣu tuntun ń jáde láti nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹjọ. Ojú ń wọ̀ ọ́, ọmọdé ń yọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n omi ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ó dára fún sísè jẹ àti fún àsáró; bí ẹ bá gún un, kì í fà bí ó ti yẹ. Láti oṣù kọkànlá lọ, nígbà tí ewé iṣu ti gbẹ tí a ti wa iṣu tí ó gbó tí a sì ti kó o jọ, ni iyán ń di iyán. Ó ń dára lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Nígbà tí ó bá di oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, iṣu tí ó kù ti hù, èyí tí ó dára ti wọlẹ̀ fún irúgbìn, owó èyí tí ó wà lọ́jà sì ti gun orí igi. Ẹni tí ó bá dá ìgbéyàwó sí oṣù kẹfà, tí ó sì fẹ́ fi iyán bọ́ ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, kí ó ti ra iṣu rẹ̀ pamọ́ láti ìgbà ọyẹ́, kí ó sì máa re ọwọ́ rẹ̀.

Tòmátì àti tàtàṣé ń bọ̀ láti ilẹ̀ Hausa. Kano àti Kaduna ń fi omi odò àti ti ìsédò rin in nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ó ń pọ̀ láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrin. Láti oṣù karùn-ún ni ó ń wọ́n. Ẹ kò gbàgbé ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kaduna ní oṣù karùn-ún, tí àwọn ìyá ń se ọbẹ̀ àsè láìsí pupa nínú rẹ̀. Epo pupa, ní tirẹ̀, ń pọ̀ láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ìgbà tí ẹyìn ń pọ́n. Àgbò? Ẹ má ra á nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé Iléyá ni kí ẹ lọ, nígbà tí àwọn tí ń tà á kò fẹ́ máa da èyí tí ó kù padà sí òkè Ọya.

Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Òjò àkọ́rọ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ìjì tí ó ń ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù: òun ni ó ń ká páànù ilé, tí ó ń fa àtíbàbà ya. Òjò a sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ìsinmi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ìgbéyàwó sí oṣù náà, pàápàá tí ilé ìwé sì ti gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ọwọ́ sọ̀yà. Lọ́dún mìíràn kò sinmi rárá. Oṣù kẹsàn-án ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀. Òjò rẹ̀ kò mọ ọ̀sán, kò mọ alẹ́, ọkọ̀ sì ń rì sínú ẹrẹ̀ ní àwọn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Ní ìparí oṣù kẹwàá ni ó ń dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́, tí ètè ń là, tí eruku ń bo ojú ọ̀nà, tí iná sì rọrùn láti ràn. Kí ẹ má dáná àsè sí ẹ̀bá koríko gbígbẹ. Oṣù kejì àti ìkẹta ni kànga ń gbẹ, àsè ńlá sì ń mu omi ju àlejò lọ.

Owó àgbẹ̀ náà ní ìgbà tirẹ̀. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, kòkó ń jáde, iṣu ń wọlé, ọwọ́ bàbá a tú díẹ̀. Láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, inú ilẹ̀ ni gbogbo owó wà. Bàbá tí ó bá fi ìgbéyàwó sí oṣù karùn-ún yóò yá owó fún àsè, yóò sì tún yá owó fún àwọn tí yóò bá a ro oko.

Mo tún ní kí ẹ̀yin ìyá kíyè sí oṣù karùn-ún yìí nítorí àwọn ọmọbìnrin wa. Ìdánwò WAEC máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún, ó sì ń wọ oṣù kẹfà. Ọdún méjìlá ni ọmọ fi lọ sí ilé ìwé kí ó tó dé ibẹ̀. Kò tọ́ kí ó fi ìwé ìdánwò sílẹ̀ nítorí pé bàbá ti san owó màlúù. Bí ẹbí ọkọ bá ní àwọn kò lè dúró di oṣù kẹjọ, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń lé wọn.

Àwa tí à ń gbé níhìn-ín, kò sí ilé tí kò ní Kìrìsìtẹ́nì nínú ẹbí. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so ènìyàn pọ̀ nígbà Lẹ́ńtì, ogójì ọjọ́ tí ó ṣáájú Àjíǹde, nítorí náà ìgbéyàwó tiwọn ń rọ́ lu ara wọn lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ní ọdún 2025, ààwẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, Lẹ́ńtì wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kan náà. Gbogbo ìlú ni ó dákẹ́ pọ̀. Nígbà tí ó tán, Àbámẹ́ta kan kò gba ìgbéyàwó tí ó wà nílẹ̀ mọ́, àǹtí ìyàwó kan náà ni wọ́n sì ń retí ní ilé méjì. Bí ẹ bá ti mọ oṣù tí ẹ fẹ́, ẹ tètè sọ fún ẹbí.

Ìpadàbọ̀ sílé oṣù kejìlá ni àwọn ọmọ wa òkè òkun fẹ́ràn jù. Ó dára, nítorí gbogbo ojú ni ó wà nílé. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ wọ́n, onílù wọ́n, alásè wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Èkó sí Òsì nìkan tó láti jẹ́ kí àlejò fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ kí ó sì jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí n kò fẹ́ fò, bí ó tilẹ̀ wúwo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì pa Olúkòrò. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kọlu ilé ìjọsìn kan ní Ẹrúkù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a tó rí wọn gbà padà. Alẹ́ ni ti Kòrò ṣẹlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ sì ni ti Ẹrúkù. Nítorí náà, ohun tí àwa ń sọ fún àwọn ẹbí nísinsìnyí ni pé kí yìgì bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, kí àsè parí kí a tó kírun Àsárì, kí ọkọ̀ àlejò sì ti kúrò kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ dá a sí ìgbà tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, kí ẹ sì fi àwọn fijilanté ìlú mọ̀ ṣáájú. Àìsùn onílù tí à ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ṣì dúró ná.

Ìgbà kan tún wà tí ó ṣáájú gbogbo ìgbà tí mo ti kà: ìgbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nínú àwa ọmọ Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, kí ó sì máa jẹ̀rora títí ayé. Kí a ṣe àyẹ̀wò yìí kí ẹbí tó mọ ẹbí, kì í ṣe ìgbà tí ìwé ìkésíni ti jáde. Lẹ́yìn tí ọmọ méjì ti fẹ́ràn ara wọn tí aṣọ ẹbí sì ti wà lọ́wọ́ télọ̀, ta ni yóò lè sọ pé kí wọ́n dúró?

Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá sì bàjẹ́ ń kọ́? A ti rí i. Ní ọdún 2020, àrùn Kòfíìdì ti mọ́sáláṣí pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó náírà tuntun kò sí, ti àtijọ́ kò ṣeé ná, oníṣu kò sì gba ìwé báńkì. Àwọn kan sún ìgbéyàwó síwájú títí ọdún fi yí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ànábì ń bọ̀ láti Háíbárì tí ó fẹ́ ìyá wa Sọ̀fíyà, ojú ọ̀nà ni wọ́n wà. Wọ́n tẹ́ awọ sílẹ̀, wọ́n kó èso dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí wàrà sí i, àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ ẹ́. Wàlímà nìyẹn, kò sì dín ní kíkún. Wálíì, ẹlẹ́rìí méjì, sàdáàkí àti gbólóhùn ìfẹ́ni: ìwọ̀nyí kò ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò ní ìgbà òjò. Ó ṣeé ṣe kí a so yìgì lónìí, kí a sì fi àsè ńlá sí ìgbà tí iṣu bá gbó.

Ẹ ó tún bi mí pé èmi wo ni n óò mú. Ọdún kéwú wa, 354 tàbí 355 ọjọ́ ni, nítorí náà ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti òyìnbó lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ọdún 2000 fi ní Ìtúnu ààwẹ̀ méjì, ọ̀kan ní oṣù kìíní, èkejì ní ìparí oṣù kejìlá. Ṣáwálì kan lè bọ́ sí inú òjò, òmíràn a bọ́ sí ọyẹ́. Ní ọdún 2027, yóò bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta. Ní 2028, ìparí oṣù kejì. Ní 2029, àárín oṣù kejì. Ní 2030, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Iṣu yóò ti gbó, tòmátì yóò pọ̀, òjò kò ní í tíì pọ̀, ìdánwò yóò ṣì wà níwájú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti tó ilé ọkọ, tí ó sì fẹ́ oṣù tí ìyá wa Áíṣà fẹ́ràn, kí ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọdún yìí. Kí ó ṣáà ti bá ẹni tí ń fi táńkà gbé omi sọ̀rọ̀ láti inú oṣù ààwẹ̀.